Bẹ́ẹ̀dì Nooroa

Kò sí àgbàlagbà kan ní erékùṣù Mauke tí kò mọ bẹ́ẹ̀dì Nooroa. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ṣe mọ Nooroa fúnra rẹ̀ lọ, nítorí ọdún kọkànlá rèé tí Nooroa ti wọ bàálù kékeré lọ sí Rarotonga, tó gba ibẹ̀ kọjá sí Ọsirélíà, tí kò sì tíì padà wálé. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò lọ síbì kankan ní tirẹ̀. Ó wà nínú yàrá tó kọjú sí òkun nílé ìyá rẹ̀, Màmá Akaiti, ó dúró gbagidi lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹṣin tí wọ́n ti dì ní gàárì tí ẹni tó máa gùn ún kò yọjú.

Tutaka, ìyẹn àyẹ̀wò ìmọ́tótó tí ìjọba ń ṣe, ló sọ bẹ́ẹ̀dì náà di olókìkí. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn aláyẹ̀wò á máa ti ilé bọ́ sí ilé pẹ̀lú ìwé àti bírò, wọ́n á máa wò ó bóyá ẹ̀fọn ń yé sínú agolo, bóyá ilé ìgbẹ́ ní ìdérí, bóyá ẹlẹ́dẹ̀ kò sún mọ́ ilé ìdáná jù. Ohun tí ìjọba ní lọ́kàn nìyẹn. Ohun tí àwọn obìnrin Mauke ní lọ́kàn yàtọ̀. Ẹ̀fọn lè ṣe ìgbéyàwó nínú agolo o, kí bẹ́ẹ̀dì ṣáà ti dára! Ní ọjọ́ tutaka, gbogbo àpótí á ṣí, gbogbo tivaevae á jáde, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ọwọ́ rán, ègé lórí ègé, òdòdó lórí òdòdó. A kì í tà á. A ń fi í gbé ìyàwó, a ń fi í gba àlejò, a sì ń fi í wé òkú. Ọkọ Akaiti, Pápá Taoro, tó ń sinmi lábẹ́ sìmẹ́ǹtì funfun níwájú ilé, tivaevae méjì ló wọ̀ lọ. Akaiti kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé méjì ni.

Ṣùgbọ́n tivaevae Nooroa ni olórí gbogbo wọn. Ègé aṣọ kéékèèké tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ ni wọ́n fi rán an, ó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n wá di òdòdó pupa ńlá mẹ́sàn-án lórí ilẹ̀ funfun. Akaiti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ náà, lọ́dún tó ṣì gbà gbọ́ pé ìyàwó lè so ọmọkùnrin mọ́lẹ̀. Lọ́dọọdún, àwọn aláyẹ̀wò á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Akaiti, o pa wá o!" Akaiti á ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, àkísà lásán ni," á sì dúró kí wọ́n tún un sọ.

Àbùkù kan ló wà níbẹ̀. Òdòdó kẹsàn-án, tó wà ní igun ìsàlẹ̀, etí rẹ̀ kan wọ́, ó tẹ̀ bí ẹnu ẹni tó mu ọsàn kíkan. Igun yìí ni Akaiti máa ń kọjú sí ògiri. Bí ẹnì kan bá rí i, tó bá béèrè, Akaiti á mí sínú, á ní, "Inangaro ló rán ibẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń lọ nígbà yẹn. Kí Olúwa ṣàánú rẹ̀."

Irọ́ ni.

Bí wọ́n ṣe ń rán irú tivaevae yìí, ọ̀gá kan ló máa ń ní àwòrán rẹ̀ lórí. Òun ló ń ka ègé aṣọ, tó ń sín wọn sórí òwú bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀: pupa mẹ́ta, funfun méje, pupa kan. Òwú kọ̀ọ̀kan á lọ sọ́wọ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ẹni tó gba òwú kò ju pé kó yọ ègé tó kàn, kó rán an mọ́ èyí tó ṣáájú. Akaiti ni ọ̀gá. Òwú tó wọ́ yẹn, òun ló sín in, ní àárọ̀ ọjọ́ tí Nooroa lọ, nígbà tó ti pápá bàálù padà dé tí kò mọ ohun tí ọwọ́ òun tún lè ṣe láyé. Nígbà tí wọ́n wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìjọ, tí àbùkù yọ, ó kígbe lójú ogún obìnrin: "Inangaro! Ṣé ojú lo fi rán èyí ni, àbí ìgúnpá?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inangaro wo aṣọ, ó wo Akaiti, ó fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ gún etí akẹtẹ̀ rẹ̀, ó sì lọ sílé. Ọjọ́ kẹta ni Akaiti ka ègé tó ṣẹ́kù nínú agolo bisikíìtì, tó rí i pé ọwọ́ òun ló ṣì í. Ó ní ọ̀la ni òun máa lọ sọ ọ́. Wọ́n máa ń ní irọ́ lè rìn fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá lọ́jọ́ kan. Ti Akaiti kò tíì ju mọ́kànlá lọ, nítorí náà àyè ṣì wà.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé òwú lé Inangaro lọ́wọ́ mọ́. Ẹnu èèyàn ló kọ́kọ́ fọ́ ojú obìnrin náà. Àìsàn kàn dé lẹ́yìn, ó wá parí iṣẹ́ ni. Nísinsìnyí ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji, ṣùgbọ́n ojú èèyàn ni kì í rí mọ́.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà tí ìjì kan fi jà, ìjì yẹpẹrẹ tí wọn kò tilẹ̀ fún lórúkọ, tó sì wó igi máńgòrò lu ilé Inangaro. Ó ń bọ́ adìyẹ lẹ́yìnkùlé nígbà náà. Ìdajì ilé lọ, ìdajì kù. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Niu Sílándì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn obìnrin ìjọ pàdé. Akaiti ló kan láti darí ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ náà sì dá lórí gbígba àlejò sílé. Ó sọ̀rọ̀ débi pé ojú ara rẹ̀ kún fún omi. Ó ní ohun gbogbo tí a ní, Olúwa ló ni ín. Ó ní ilẹ̀kùn Kristẹni kò gbọdọ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Bó ṣe jókòó báyìí ni Pásítọ̀ Tangimetua dìde.

"Ẹ ṣeun, Màmá Akaiti. Ẹ̀mí ló rán yín níṣẹ́. Ẹ̀yin ìyá wa, Màmá Inangaro ń fẹ́ ibi tó máa sùn títí a ó fi tún ilé rẹ̀ kọ́. Ta ló máa gbà á?"

Inangaro jókòó sẹ́yìn, ó fọwọ́ lé ọ̀pá rẹ̀, ó ń gbọ́.

"Ọmọ ọmọ mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ mi," ni ẹnì kan wí. "Bí ẹja inú agolo la ṣe ń sùn."

"Ajá wa kì í gba àlejò," ni ẹlòmíràn wí.

"Ajá yín tí kò léyín?" ni Màmá Tauepa bi í. Tauepa ni olórí àwọn aláyẹ̀wò tutaka, kì í sì í fi ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ sílẹ̀ nílé, ìbáà jẹ́ ìsìnkú ló ń lọ. Ó tọ́ ìka sẹ́nu, ó ṣí i. "Ẹ jẹ́ ká má pa irọ́ nílé Olúwa. Ó wà níbí. Ilé Akaiti: yàrá mẹ́ta, èèyàn kan. Bẹ́ẹ̀dì òfìfo kan, ó mọ́ tónítóní. Èyí tọdún tó kọjá nìyẹn. Ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì òfìfo kan, ó mọ́ tónítóní. Èyí tó ṣáájú ìyẹn..."

Gbogbo akẹtẹ̀ funfun inú gbọ̀ngàn yí sọ́dọ̀ Akaiti lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ọmọ mi ló ni bẹ́ẹ̀dì yẹn," ni Akaiti wí.

"Ṣé ó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí ni?"

"Ó lè bọ̀."

"Ó lè bọ̀," ni Tauepa tún un sọ, bí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Akaiti rò ó síwájú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì nìkan. Tutaka kù díẹ̀, tivaevae máa wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà, ọwọ́ tó ti rán ibẹ̀ rí á sì wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Bí Inangaro bá sùn síbẹ̀, ọmọ òun kò ní bẹ́ẹ̀dì mọ́, òun náà kò sì ní ní ibi tó máa fi irọ́ pamọ́ sí. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wá sọ sí i lórí.

"Ẹ gbọ́ o," ni ó wí, ó dìde. "Inangaro ò ní sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọdé. Bẹ́ẹ̀dì tèmi, tí mo bá ọkọ mi sùn lé lórí fún ọgbọ̀n ọdún, ibẹ̀ ló máa sùn. Èmi máa sùn sílẹ̀."

"Àmín!" ni gbọ̀ngàn dáhùn. Pásítọ̀ nu ojú. Wọ́n sọ pé irú ìfẹ́ báyìí, ìran àtijọ́ nìkan ló ní in. Akaiti fúnra rẹ̀ fẹ́ràn bó ṣe dún. Ìgbà tó délé ló tó ronú kan ẹ̀yìn ara rẹ̀, tó ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rin.

Inangaro dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọ̀pá kan, ìdì aṣọ kan, àti adìyẹ kan nínú agbọ̀n. Akẹtẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ ló dé. Abẹ́rẹ́ yẹn ṣì wà létí rẹ̀, ó ti dógùn-ún.

"Adìyẹ rẹ ò ní wọlé mi o," ni Akaiti wí.

"Kò fẹ́ wọlé. Ó ti gbọ́ pé ilẹ̀ ni onílé ń sùn."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n jọ ń jẹ ewé tárò tí wọ́n sè pẹ̀lú wàrà àgbọn, wọ́n jọ ń kọrin àárọ̀, wọn kò sì mẹ́nu ba ohun kan. Láàrin yàrá àwọn méjèèjì ni yàrá kẹta wà, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tí ẹnì kan kò sùn lé. Láràárọ̀, Akaiti á wọ ibẹ̀, á ṣí fèrèsé, á gbọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí kò dọ̀tí, á tún un tẹ́. Nígbà mìíràn á gbé ìrọ̀rí símú. Lọ́dún àkọ́kọ́, òórùn orí Nooroa wà níbẹ̀, òórùn òróró àgbọn àti òógùn. Báyìí, ọṣẹ nìkan ló ń rùn.

Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì ni bàálù máa ń dé. Bí Akaiti bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè, ohun yòówù kó máa ṣe, á gbé e sílẹ̀. Á ya irun rẹ̀. Á gbé omi tíì kaná, á gbé ife méjì sórí tábìlì. Ó ti wọ̀n ọ́n: àsìkò tí omi fi ń hó, òun ni àsìkò tí alùpùpù fi ń ti pápá bàálù dé ẹnu ọ̀nà òun. Bí omi bá hó tí alùpùpù kò dún, á mu tíì tirẹ̀, á fọ ife méjèèjì.

"Akaiti," ni Inangaro wí ní ọjọ́ Ajé kan, "ta ló ni ife kejì?"

"Ìwọ ni."

"Èmi kì í mu tíì láàárọ̀. O mọ̀."

"Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ni ín."

"Ẹni yẹn náà ló ń sùn ní yàrá tó kọjú sí òkun? Mo ń gbọ́ bó o ṣe ń gbọn aṣọ rẹ̀ láràárọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni o. Kì í hanrun rárá."

Akaiti gbé ife kejì, ó ń nù ún.

"Ìwọ ńkọ́? Báwo ni ilẹ̀ yẹn?"

"Mò ń sùn dáadáa."

"Irọ́ kì í yẹ arúgbó. Mo ń gbọ́ bí eegun rẹ ṣe ń dún bí igi ìdáná."

Òwúrọ̀ ọjọ́ tutaka ni ẹ̀yìn náà wá sọ tirẹ̀. Akaiti ti tẹ́ tivaevae Nooroa láti ìrọ̀lẹ́ àná, ó ti kọ igun burúkú sí ògiri. Ó ní kí òun dìde lórí ẹní, ara kọ̀. Ó gbìyànjú lápá ọ̀tún, ó gbìyànjú lápá òsì. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ìjàpá tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ọ̀run.

"Inangaro," ni ó pè, kò pariwo. "Inangaro o."

Inangaro fi ọ̀pá wá a rí, ó fi ọwọ́ wá èjìká rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i ṣe. Ọ̀kan kò ríran, ọ̀kan kò lè dúró. Wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀kan, adìyẹ pariwo níta, ẹ̀rín sì mú àwọn méjèèjì débi tí wọn kò fi lágbára mọ́. Nígbà tí Akaiti fẹ̀yìn ti ògiri tán, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Inangaro.

"Ó tó," ni ó wí. "Mò ń lọ sílé mi."

"Ilé wo? Èyí tí máńgòrò wà nínú yàrá?"

"Ìdajì ilé, ilé náà ni. Akaiti, o fún mi ní bẹ́ẹ̀dì rẹ, gbogbo ìjọ ṣe àmín, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa sùn lórí ẹ̀yìn èèyàn. Bẹ́ẹ̀dì kan wà nílé yìí tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, ìwọ sì ń sùn sílẹ̀ nítorí mi. Ìyẹn kì í ṣe àánú. Àṣehàn ni."

Ó di ìdì rẹ̀. Ó mú agbọ̀n, ó mú ọ̀pá. Akaiti fi ọwọ́ di ògiri mú, ó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó tẹ̀ kòròbà bí ìwọ̀ ẹja. Ó rí i tó ń fi ọ̀pá wá etí ibojì Pápá Taoro kó má baà kọsẹ̀.

Bàálù dún lókè.

Ara Akaiti ti yí sápá ibi tí omi tíì wà kó tó mọ̀. Ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ọjọ́ kan. Ẹsẹ̀ mọ ọ̀nà ju orí lọ. Ó wá rí ara rẹ̀ bó ṣe dúró: etí kan ń retí ẹni tí kò bọ̀, ojú méjèèjì ń wo ẹni tó wà tó ń lọ.

"Inangaro! Padà wá!"

Inangaro dúró. Kò yíjú.

"Wá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Bẹ́ẹ̀dì wo?"

"Èyí tó wà."

"Dárúkọ rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀dì Nooroa," ni ó wí.

Wọ́n jọ wọlé, ó mú un lọ́wọ́, ó mú un dé etí bẹ́ẹ̀dì. Ó lè ká tivaevae náà kúrò. Ó gbé ọwọ́ lé e láti ká a, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Inangaro jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó fi orí lélẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì náà han bí ilẹ̀kùn tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ṣí i gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Wọn kò yára. Wọ́n ń rìn bí akàn lórí òkúta, wọ́n ń dúró, wọ́n ń tẹ̀ síwájú.

"Tauepa ló rán èyí," ni ó wí. "Wo bó ṣe fa òwú. Kò nísùúrù láti ìgbà èwe." Wọ́n tún rìn. "Èyí, olóògbé Punanga. Ọwọ́ dáadáa." Wọ́n dé etí ògiri, wọ́n fa igun náà jáde, wọ́n dé òdòdó kẹsàn-án. Wọ́n dúró.

"O ò tú u," ni Inangaro wí.

"Mi ò tú u."

"Mo rò pé o ti tú u rán láti ọjọ́ yìí."

"Inangaro." Akaiti di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú. "Kì í ṣe ìwọ. Òwú yẹn, èmi ni mo sín in bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ láti ọjọ́ kẹta."

"Èmi ti mọ̀ ṣáájú ọjọ́ kẹta."

"O mọ̀ kẹ̀?"

"Ojú mi mọ́ kedere nígbà náà. Mo ka òwú náà kí n tó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ibi tí pupa ì bá ti jẹ́ mẹ́ta, o sín márùn-ún. Mo gbé e, mo ní kí n dá a padà fún ọ. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà yín tí mo gbọ́ ẹkún rẹ, mo wá rántí ọjọ́ tí o sín in. Mo ní bí mo bá dá òwú yìí padà, ọjọ́ yẹn ni obìnrin yìí máa tún tú, tó máa tún sín látìbẹ̀rẹ̀. Mo bá lọ sílé, mo rán an bó ṣe wà."

"Nígbà tí mo pariwo lé ọ lórí níwájú wọn ńkọ́?"

"O nílò ẹni tí wàá pariwo lé lórí. O ò lè pariwo lé bàálù."

Akaiti jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀.

"O sì dárí jì mí láti ìgbà náà?"

"Mo dárí jì ọ́. Mi ò sọ pé inú ò bí mi. Ọdún mẹ́ta gbáko, mò ń gbàdúrà kí ẹlẹ́dẹ̀ rẹ máa sọnù."

"Méjì sọnù!"

"Mo gbọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa." Ìka rẹ̀ tún kan òdòdó náà. "Ṣùgbọ́n òwú yẹn dùn mí, Akaiti. Mo ń jókòó sílé, mo ń gbọ́ tí ẹ ń kọrin ní gbọ̀ngàn tí ẹ ń ránṣọ. Ọwọ́ mi ń wá iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó gbé òwú wá."

Ẹlòmíràn ni ì bá sunkún. Akaiti fa igun tivaevae náà, ó fi bo ẹsẹ̀ Inangaro, ó tún un bò.

Báyìí ni Tauepa àti àwọn aláyẹ̀wò méjì ṣe bá wọn. Tauepa ti ṣí ìwé, bírò ti wà lórí ìlà tó mọ̀. "Bẹ́ẹ̀dì òfìfo kan, ó mọ́..." Ó dúró. Ó wo Inangaro tó dùbúlẹ̀ bí ọbabìnrin tòun ti akẹtẹ̀. Ó wo Akaiti nílẹ̀. Ó wo òdòdó kẹsàn-án tó wà níta gbangba láàrin bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ó wí. "Igun tí wọ́n máa ń fi pamọ́ rèé. Iṣẹ́ Inangaro, àbí? Ó mà ṣe o, kí Olúwa ṣàánú rẹ̀."

Inangaro kọjú sí òkè àjà, ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

"Iṣẹ́ mi ni," ni Akaiti wí.

"Kí lo wí?"

"Èmi ni mo sín òwú náà tó wọ́. Ọwọ́ Inangaro ò ṣe àṣìṣe kankan. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Kọ ọ́ sílẹ̀, Tauepa."

Tauepa yí ìwé sókè, ó yí i sódì. "Kò sí àyè fún irú rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù."

"Kọ ọ́ sábẹ́ ilé ìgbẹ́."

"Bí ẹ bá sì ti kọ ọ́ tán," ni Inangaro wí láti orí bẹ́ẹ̀dì, "ẹ wo agolo tó wà lẹ́yìn fèrèsé yìí. Ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Mo ń gbọ́ wọn."

Ẹ̀fọn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n kọ àléébù sílẹ̀ fún ilé Akaiti láti ìgbà tí tutaka ti wà. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti kárí erékùṣù. Àwọn kan wá bá Inangaro, wọ́n gbé ẹja wá, wọ́n ń wẹ ọwọ́ ara wọn mọ́ pé àwọn kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Àwọn kan ní ìgbéraga tuntun ni Akaiti dá sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tó lè jẹ̀bi tó bí òun ṣe jẹ̀bi. Ó sì ṣeé ṣe kí òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn, nítorí wọ́n gbọ́ tó ń sọ ìtàn náà lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń gùn sí i.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi, fóònù dún. Nooroa ni. Lóṣooṣù ló máa ń pè, ohùn rẹ̀ sì máa ń jọ ti ẹni tó fi ẹ́ńjìnì ọkọ̀ sílẹ̀ láìpa á.

"Màmá, ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni. Ìwọ ńkọ́? O ń jẹun? Nooroa, Màmá Inangaro wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ."

Akaiti ń gbọ́ bí ọkọ̀ Ọsirélíà ṣe ń kọjá lójú títì.

"Bẹ́ẹ̀dì mi?"

"Bẹ́ẹ̀dì rẹ. Igi wó lu ilé rẹ̀."

"Ó dáa. Ó dáa, Màmá." Ọkọ̀ mìíràn kọjá. "Níbo lèmi wá fẹ́ sùn tí mo bá dé?"

Akaiti fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, ọmọ náà kò béèrè rẹ̀ rí, àní bí ẹni béèrè ajá. Ó kẹ̀yìn sí yàrá náà kí Inangaro má baà gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ilẹ̀," ni ó wí. "Orí ẹní. Ẹ̀yìn á sì dùn ọ́ gan-an. Bí ọ̀rọ̀ náà bá bí ọ nínú, wá bínú níbí."

"Sọ fún un pé mò ń hanrun!" ni Inangaro ké láti yàrá.

Nooroa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín bàbá rẹ̀ ni. Kò sọ pé òun ń bọ̀. Ó ní, "Màmá, màá tún pè," ó sì pa fóònù.

Ní ọjọ́ Ajé, Inangaro jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Òwú kan wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí Akaiti sín fún un, tó kà lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gbé e lé e lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka wá etí aṣọ, ó ń rán, ó ń kùn sínú pé ẹni tó sín ègé yìí kò kúkú burú jù. Bàálù dún lókè. Akaiti gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ya irun rẹ̀. Ó gbé omi kaná, ó gbé ife méjì sórí tábìlì, ó dúró, ó wò wọ́n, ó sì lọ mú ẹ̀kẹta wá.

Omi hó. Wọ́n tẹ́tí, àwọn méjèèjì. Afẹ́fẹ́ òkun nìkan ló ń bọ̀ lójú ọ̀nà.

"Bù ú wá," ni Inangaro wí, ó na ọwọ́.

"O ní o kì í mu tíì láàárọ̀."

"Mi ò mu tèmi. Ti Nooroa ni mo fẹ́ bá a mu, kó má baà tutù."